Ta Ni Yóò Bá Mi Mú Olè Yìí?

Ẹni tó bá jí adìẹ níbí, ní Béoumi ní Côte d'Ivoire, kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo àdúgbò á ti fà á lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Ẹni tó jí ọgbọ́n orí mi ńkọ́? Ńṣe ló ń kí mi láràárọ̀: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o!" Ọmọ Èjìgbò bíi tèmi sì ni.

Iṣẹ́ jórinjórin ni mò ń ṣe. Mo ṣe ẹ̀rọ tó ń fún omi gbágùúdá fún àwọn obìnrin tó ń ṣe attiéké, mo so sípíríǹgì mọ́ ọn kí àpò má baà ya. Irin àlòkù tí mo fi ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀, ara ọkọ̀ ni wọ́n ti tú u, ó sì ní ihò kan tí kò wúlò fún nǹkan kan. Ẹ wá wo tọ̀hún: irin tuntun ló rà, ó sì fi dírìlì lu ihò sí i ní ọ̀gangan ibi tí tèmi wà! Ẹ̀rí wo ló tún kù?

Mo ní mo fẹ́ gba brevet, ìwé àṣẹ tí kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn ṣe ohun téèyàn hùmọ̀. Àwọn àgbà wa níbí ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Wọn ò mọ̀ pé ọ̀nà kóòtù ọ̀hún gan-an jìn. Orílẹ̀-èdè 17 ló wà nínú OAPI, àjọ ilẹ̀ Áfíríkà tó ń fúnni ní brevet, lábẹ́ àdéhùn tí wọ́n ṣe ní Bangui lọ́dún 1977. Yaoundé ni wọ́n ti ń fúnni níwèé. Ìwé kan ṣoṣo, láti Dakar dé Libreville, fún ọdún 20. Ó dùn ún gbọ́! Àfi ìgbà tí mo gbọ́ ìyókù: nǹkan náà kò gbọ́dọ̀ tíì hàn síta níbikíbi láyé kí n tó kọ̀wé. Ẹ̀rọ tó ti wà lójú ọjà! Ṣé abẹ́ ibùsùn ni kí n ti máa tà á ni?

Ó dáa, kí n ṣe ẹ̀rọ mìíràn tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí. Òfin ní èmi tí mò ń gbé níbí lè gbé ìwé mi lọ sí OIPI, ọ́fíìsì orílẹ̀-èdè yìí tó ń gbàwé fún OAPI l'Ábíjàn, láìgba aṣojú. Àwọn tó ń gbé lẹ́yìn odi àwọn orílẹ̀-èdè OAPI ló di dandan fún. Ṣùgbọ́n bí mo bá ṣi ọ̀rọ̀ kan kọ, ibẹ̀ ni aládùúgbò mi máa gbà wọlé. Aṣojú tí mo lọ bá wo bàtà mi dáadáa, síbẹ̀ iye tó dá lé mi kò bá bàtà náà mu rárá.

Ká tiẹ̀ ní mo rí i gbà. OAPI kì í báni mú olè. Kóòtù Côte d'Ivoire ni mo máa lọ. Bó bá kó ẹ̀rọ náà lọ tà ní Cotonou, mo tún máa bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ tuntun níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ilé ẹjọ́ Lomé bá fagi lé ìwé mi ní àṣekágbá, ó parẹ́ ní gbogbo orílẹ̀-èdè 17. Ìṣẹ́gun mi ń fẹsẹ̀ rìn, ìṣubú mi ń wọ bàálù!

Ẹ má sì ní kí n padà sí Nàìjíríà. Òfin tiwọn, ti 1970, sọ ọ́ láìfibò pé ìjọba kò ṣe onídùúró fún ìwé tó fúnni. Wọn ò sí nínú OAPI, ìwé wọn ò sì lè rékọjá Sẹ̀mẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, sípíríǹgì tọ̀hún já, oníbàárà rẹ̀ gbé ẹ̀rọ wá bá mi. Ihò yẹn ni mo kọ́kọ́ wá. Mo rí i. Ìlọ́po méjì owó àtúnṣe ni mo gbà, mi ò sì gba aṣojú kankan.