Ṣòkòtò Àgbàwọ̀ Olówó Gọbọi

Àwọn àgbà ní ṣòkòtò àgbàwọ̀ kì í yẹni: bí kò fúnni lẹ́sẹ̀, a ṣoni, rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni ń bá ẹni mu. Láyé wọn, ẹni tí ó yá ṣòkòtò mọ̀ pé òun yá a, kò sì san owó ojúlówó lé e. Ọ̀làjú òde òní ni ó kọ́ ọmọ aráyé láti ra àgbàwọ̀ lówó gọbọi, kí ó sì máa fi yangàn.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ní ọjà Aswani, ní Òṣòdì-Ìsọlọ̀, níbi tí èrò ti ń ya lu bọ́síkọ̀rọ̀, ìyẹn aṣọ tí òyìnbó ti wọ̀ kí ó tó wọkọ̀ òkun wá, oníbàárà a bẹ̀rẹ̀ tú òkìtì, a yí ṣòkòtò sódì, a fa síìpù rẹ̀ wò, a sì ná an títí owó yóò fi wálẹ̀. Bí ó bá ti sanwó tán, ó lè ní kí télọ̀ gé ẹsẹ̀ ṣòkòtò náà, ó lè fi ta àbúrò rẹ̀ lọ́rẹ, ó sì lè tún un tà. Ẹni tí ó tà á kò ní wá kanlẹ̀kùn lóru pé kí ó bọ́ ọ.

Géèmù tí a ń rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò rí bẹ́ẹ̀. Láísẹ́ǹsì, tí í ṣe ìyọ̀ǹda láti lo ohun tí ó ṣì jẹ́ ti ẹlòmíràn, ni Steam, ilé ìtajà tí Valve dá sílẹ̀ ní 2003, ń tà. Àdéhùn rẹ̀ kò sì gbà kí oníbàárà ta àkáǹtì rẹ̀ tàbí kí ó gbé e fún ẹlòmíràn. Àgádágodo, ìyẹn ètò tí a kọ mọ́ géèmù nítorí àwọn tí ń ṣe àdàkọ, ni ó ń ṣọ́ ìyọ̀ǹda yìí. Òmíràn nínú wọn a máa gbàṣẹ lọ́dọ̀ kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ lókè òkun kí eré tó bẹ̀rẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí olóòótọ́ tí dátà rẹ̀ tán yóò káwọ́ gbera, nígbà tí ẹni tí ó gba àdàkọ tí olè ti já àgádágodo rẹ̀ ń ṣeré lọ ní tirẹ̀.

Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹta ọdún 2024, ilé-iṣẹ́ Ubisoft pa ẹ̀rọ tí ó gbé The Crew ró, géèmù eré ìje ọkọ̀ tí ó jáde ní 2014, eré sì parí fún ẹni tí ó ń dá ṣeré àti ẹni tí díìsìkì rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kínní ọdún 2025, òfin California ní kí ilé ìtajà tí ó bá pe gbígba irú géèmù báyìí ní rírà là á yé oníbàárà pé láísẹ́ǹsì ni. Òfin Ẹ̀tọ́ Àdàkọ Nàìjíríà ti 2022 ní tirẹ̀ sì sọ jíjá àgádágodo di èèwọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ilé ìtajà GOG ti ń ta géèmù láìsí àgádágodo láti 2008, kò sì tíì kógbá sílé. Títà gidi ṣeé ṣe, nígbà náà. Àwọn oníṣòwò yòókù ni kò rí ìdí tí wọn yóò fi ta ohun tí aráyé ti gbà láti san owó rẹ̀ láìgbà á lọ́wọ́ wọn.