Ìwọ̀n Eku, Ìwọ̀n Ìtẹ́: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ọ̀gá Oní-Tẹ́ńdà

Ọ̀gá mi àtàtà,

Ẹ̀yin lẹ ń kọ ohun tí kọngílá gbọ́dọ̀ mú wá kó tó rí iṣẹ́ ìjọba gbà, mo sì gbà fún yín. Bírò yín mú ju ayùn lọ. Àìmọye káfíńtà lẹ ti fi gé dànù.

Ká ní ilé ìwé kan ń wá bẹ́ńṣì 40. Pákó, ìṣó àti gọ́ọ̀mù ni, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ ní kí káfíńtà mú ìwé owó orí ọdún mẹ́ta wá, pẹ̀lú ìṣirò owó ọdún mẹ́ta tí ọ́dítọ̀ fọwọ́ sí, ìwé PenCom ti owó ìfẹ̀yìntì, ìwé ITF ti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ òṣìṣẹ́, ìwé NSITF ti òṣìṣẹ́ tó bá fara pa. Bẹ́ẹ̀ ilé iṣẹ́ tó ní òṣìṣẹ́ 15 sókè ni òfin owó ìfẹ̀yìntì ti ọdún 2014 kàn nípá fún. Ọmọ iṣẹ́ méjì ni bàbá káfíńtà yìí ní, ọ̀kan ò sì tíì ṣe fírídọ́ọ̀mù. Ta ló fẹ́ fẹ̀yìn tì níbẹ̀?

Òfin ìgbéṣẹ́fúnni ọdún 2007 tí ẹ ń lò mọ ìwọ̀n ní tiẹ̀. Ó ní owó ìdúró tí ẹ máa gbà lọ́wọ́ ẹni tó ń du iṣẹ́ ò gbọdọ̀ ju ìdá 2 nínú 100 iye tó dá lé e. Iṣẹ́ kékeré, owó kékeré. Àmọ́ ìdì ìwé tí ẹ ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ kọ́ afárá náà lẹ ń gbà lọ́wọ́ oníbẹ́ńṣì.

Ta ló wá ń jẹ tẹ́ńdà ọ̀hún? Ọ̀gbẹ́ni Onífáìlì ni. Ìwé rẹ̀ pé, kò ní òòlù kan ṣoṣo nílé. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, ìsọ̀ káfíńtà tí ẹ lé dànù ló ń gbà lọ: “Bàbá, ẹ bá mi kan bẹ́ńṣì 40, àmọ́ owó ọwọ́ mi ò pọ̀ o.” Káfíńtà kan náà, pákó kan náà, owó ìlú nìkan ló ti ṣáko lọ.

Òfin ìgbéṣẹ́fúnni yìí kan náà ní bí ìjọba bá gba ìwé owó, tí kò san án láàárín ọjọ́ 60, ó ti jẹ gbèsè èlé. Ọ̀gá mi, ṣé ẹ ti san èlé ọ̀hún fún káfíńtà kankan rí?

Ẹ̀bẹ̀ mi ò pọ̀. Fún iṣẹ́ kékeré, ẹ gba ìwé CAC tó fi hàn pé káfíńtà forúkọ iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, ẹ gba ìwé owó orí, kí ẹ sì ní kó gbé bẹ́ńṣì kan wá. Ẹ jókòó lé e. Bó bá gbé yín dúró, ẹ gbé iṣẹ́ fún un. Bó bá wó, ẹ lé e lọ, èmi náà á bá yín lé e.

Èmi ni tiyín,
Ẹni tó ń san owó orí.