Bí A Ṣe Ń Wá Dráífà Láì Bi Kọ̀ǹpútà Léèrè

O ti ra lápútọ́ọ̀pù HP tòkunbọ̀ ní Ọláìyá, ní Òṣogbo. Ara rẹ̀ ń dán, bátìrì rẹ̀ sì ń gbé wákàtí kan ó lé díẹ̀. Windows tó bá a wá ń rìn bí ìgbín, lo bá ní kí ọmọ àbúrò rẹ bá ọ fi Ubuntu sí i dípò rẹ̀. Ọmọ náà ṣe é, ó gba owó àkàrà rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Ìgbà tó o fẹ́ wọ íntánẹ́ẹ̀tì lo rí i pé Wi-Fi ti pòórá.

Má fòyà. Dráífà ni kò sí níbẹ̀, ìyẹn ètò kékeré tó ń ṣe ògbufọ̀ láàárín kọ̀ǹpútà àti káàdì Wi-Fi inú rẹ̀. Káàdì jókòó sí ààyè rẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀. Ògbufọ̀ ni kò dé. Àwọn kan máa gbà ọ́ nímọ̀ràn pé kó o kọ́kọ́ bi ẹ̀rọ náà léèrè orúkọ káàdì rẹ̀, kó o tó wá ògbufọ̀ tó gbọ́ èdè rẹ̀. Wọ́n ní abèèrè kì í ṣìnà. Ta ló sọ fún wọn pé o kò fẹ́ ṣìnà? Àgbàlagbà bíi tìrẹ ni yóò wá máa bi irin léèrè ọ̀rọ̀? Tẹ̀ lé ìtọ́sọ́nà yìí ní ẹsẹẹsẹ, má fo ọ̀kan.

Ìgbésẹ̀ 1: Ka sítíkà

Gbé lápútọ́ọ̀pù sínú ìmọ́lẹ̀. Ka sítíkà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kíbọ́ọ̀dù. Ó kọ Intel. Ó parí: Intel ni Wi-Fi rẹ. Bí ẹnì kan bá sọ pé ẹni tó ṣe prósẹ́sọ̀ ni sítíkà yẹn ń dárúkọ, pé ilé iṣẹ́ mìíràn lè ti ṣe káàdì Wi-Fi, àti pé ẹni tó kọ́kọ́ lo ẹ̀rọ náà lókè òkun lè ti pààrọ̀ rẹ̀, rẹ́rìn-ín sí i. Ṣebí ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn korope la fi ń mọ irú ẹ́ńjìnnì tó wà nínú rẹ̀? Èyí tó bá kọ "Ayé Ń Lọ", kò lè kú sójú ọ̀nà láéláé.

Ìgbésẹ̀ 2: Wá ẹni tó ní irú rẹ̀

Pe ọ̀rẹ́ rẹ ní Òkè-Fíà. Bi í pé, "HP ni tìẹ náà, àbí?" Bó bá ti ní bẹ́ẹ̀ ni, gba dráífà tirẹ̀ sórí fláàṣì, kó o sáré bọ̀. Òótọ́ ni pé àwọn tó ń ṣe kọ̀ǹpútà máa ń fi káàdì oríṣiríṣi sínú módẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo, Realtek nínú èyí, Broadcom nínú tọ̀hún, Intel nínú òmíràn. Ìyẹn kò kàn ọ́. Ìbejì tó wọ aṣọ kan náà, ara kan náà ni wọ́n. Bí inú bá ń run Táíwò, Kẹ́yìndé ni kó o fún ní àgbo.

Ìgbésẹ̀ 3: Ra dátà, kó gbogbo ayé wálé

Fi fóònù rẹ wá "dráífà Wi-Fi fún HP". Má kọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àlàyé púpọ̀ ń dín ìbùkún kù. Nínú ohun tó bá jáde, mú ibi tí bọ́tìnì rẹ̀ tóbi jù, tó sì ń ṣẹ́jú sí ọ. Bó bá ní òun yóò fún ọ ní dráífà gbogbo kọ̀ǹpútà tí ọmọ aráyé ti ṣe rí nínú páálí kan, gbà á. Bí iná ọba bá lọ lágbedeméjì, tan jẹnẹrétọ̀. Owó epo wà lára owó dráífà.

Fáìlì tó o gbà yóò parí sí .exe. Windows ni wọ́n ṣe irú fáìlì bẹ́ẹ̀ fún, Ubuntu ló sì wà lórí ẹ̀rọ rẹ. Má jẹ́ kí ìyẹn dí ọ lọ́wọ́. Tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Bí kò bá ṣí, tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́fà, kó o mọ̀ pé o ti ṣe tìrẹ.

Ìgbésẹ̀ 4: Ṣí ojú dúdú, ṣùgbọ́n má wò ó

Ó lè di dandan kó o lo tẹ́mínà, ojú dúdú tí àwọn ọmọ yìí fẹ́ràn. Ṣí i kí wọ́n lè fi ọ́ sílẹ̀. Wọ́n á ní kó o tẹ lspci. Tẹ̀ ẹ́. Àṣẹ yìí ń pe gbogbo ohun tó so mọ́ ọ̀nà PCI inú ẹ̀rọ jáde bí ẹni ń pe orúkọ ọmọ kíláàsì, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀: èyí tó ń gbé àwòrán, èyí tó ń gbé ohùn, èyí tó ń gbé Wi-Fi. Ìlà wọn lè tó ogún.

Ka ìlà àkọ́kọ́ nìkan, kó o mi orí. Ìlà Wi-Fi wà nísàlẹ̀, ó sì sábà máa ń ní "Network controller" lára. Bó o bá ṣèèṣì rí i, sọ fún ara rẹ pé nẹ́tíwọọ̀kì fóònù ni wọ́n ń bá wí, kó o fò ó.

Ìgbésẹ̀ 5: Mú nọ́ńbà tí kò wúlò

Wọn kò ní jẹ́ kó o sinmi. Wọ́n á ní kó o fi -nn kún un, kí nọ́ńbà lè hàn. Ìlà tó máa jáde yóò jọ èyí:

02:00.0 Network controller [0280]: Broadcom BCM43142 802.11b/g/n [14e4:4365]

Nọ́ńbà pọ̀ níbẹ̀. Yan báyìí:

Mú 02:00.0 ṣáájú. Ìjókòó káàdì náà nínú ẹ̀rọ ni. Bó o bá ń wá ẹnì kan ní Iléṣà, ṣebí nọ́ńbà ìjókòó rẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì lo máa fi béèrè rẹ̀ lọ́jà Atákúnmọ́sà?

Mú 0280 tẹ̀ lé e. Irú iṣẹ́ tí káàdì ń ṣe nìyẹn, ẹgbàágbèje káàdì ló sì ń jẹ́ ẹ. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n ní "Ta lẹ ń bá wí?" tó o dáhùn pé "Télọ̀ ni."

Má gbàgbé 802.11. Òfin tí gbogbo Wi-Fi ayé ń tẹ̀ lé láti 1997 nìyẹn. Fi wá dráífà, wàá rí ti gbogbo ènìyàn àfi tìrẹ.

Èyí tó kù, 14e4:4365, sá fún un. Òun ni orúkọ. Apá àkọ́kọ́ ni orúkọ ilé: 14e4 ni ilé Broadcom, 10ec ni ilé Realtek, 8086 sì ni ilé Intel. Apá kejì ni orúkọ àbísọ, tí ilé kọ̀ọ̀kan fún ọmọ tirẹ̀. Ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ, ṣùgbọ́n ìwọ kọ́ lo bí káàdì, kí ló kàn ọ́ nínú ìsọmọlórúkọ? Bó bá sì jẹ́ 8086 lo rí, má gbà pé Intel mú un láti ara prósẹ́sọ̀ tí wọ́n gbé jáde ní 1978. Sọ pé ọdún tí gáráńtì máa tán ni. Ìwọ àti arọ́mọdọ́mọ rẹ lè fọkàn balẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 6: Bá ẹ̀rọ tún àkọtọ́ rẹ̀ ṣe

Bí wọ́n bá fi tipátipá mú ọ kọ 14e4 sílẹ̀, wàá ṣàkíyèsí pé létà kan há sáàárín nọ́ńbà. Àṣìṣe ni. Yọ e yẹn.

Àwọn onímọ̀ lè fẹ́ fi Ifá yí ọ lọ́kàn padà. Wọ́n á ní ojú odù mẹ́rìndínlógún ni Ifá ní, tí wọ́n bí ara wọn di 256. Pé àwọn tó ṣe PCI náà fi mẹ́rìndínlógún kà: wọ́n ka 0 dé 9, nígbà tí nọ́ńbà tán lọ́wọ́ wọn, wọ́n fi a, b, c, d, e, f parí rẹ̀. Àmì méjì ń bí 256, àmì mẹ́rin ń bí 65,536. Wọ́n á ní babaláwo kì í pa ìlà kan rẹ́ lórí ọpọ́n kó sọ pé odù kan náà ló ṣì wà níbẹ̀. Gbọ́ wọn tán. Lẹ́yìn náà, yọ e. Ó di 144, nọ́ńbà tó mọ́ lójú, tó ṣeé gbé síwájú àna.

Ìgbésẹ̀ 7: Kó gbogbo ògbufọ̀ jọ

Fi -k kún àṣẹ náà. Lábẹ́ káàdì kọ̀ọ̀kan, ìlà "Kernel driver in use" ló ń sọ dráífà tó ń bá a ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Lábẹ́ Wi-Fi tìrẹ, ìlà yẹn kò sí rárá. Kà á sí ìròyìn ayọ̀: ilé tí kò ní òṣìṣẹ́ kì í jẹ gbèsè owó oṣù.

Bó o bá ṣì fẹ́ dráífà, mọ̀ pé èyí tí 14e4:4365 ń gbọ́ ni wl. Nítorí náà, fi b43 sí i. Wo orúkọ rẹ̀: 43 wà lára b43, 43 wà lára BCM43142. Ẹ̀jẹ̀ kan náà ni wọ́n. Pé b43 kò mọ káàdì yìí rí, ọ̀rọ̀ ẹbí nìyẹn, wọn á yanjú ẹ̀. Bí kò bá ṣiṣẹ́, má yọ ọ́. Fi wl lé e lórí, kó o tún fi brcmsmac kún wọn. Ìyàálé, ìyàwó àti àlè nínú ilé ìdáná kan: ọbẹ̀ á pọ̀.

Ẹ̀rọ yóò máa ráhùn nínú dmesg, ibi tó ń kọ gbogbo ohun tó ń ṣe é sí. Bí dráífà kan bá ń wá fáìlì tí kò rí, ibẹ̀ ni yóò ti dárúkọ fáìlì náà ní kíkún. Tẹ clear. Ojú á mọ́ fefe.

Ìgbésẹ̀ 8: Padà sórí Windows

Ó ti sú ọ. Dá Windows padà. Nínú Device Manager, Wi-Fi wà níbẹ̀ pẹ̀lú àmì yẹ́lò lórí. Yẹ́lò ni wúrà, wúrà sì wà nínú ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Orí rẹ ń ṣe rere. Bó o bá wo Hardware Ids, orúkọ ọjọ́sí ló tún wọ aṣọ mìíràn: VEN_14E4, DEV_4365. VEN ni ilé, DEV ni ọmọ. Ìwọ sọ pé DEV ni ìdajì orúkọ sàtánì lédè òyìnbó, kó o gbé lápútọ́ọ̀pù náà lọ sórí òkè àdúrà. Àṣẹ kan wà níbẹ̀ náà, pnputil /enum-devices /problem, tó ń to kìkì àwọn tí nǹkan ń ṣe sílẹ̀. Nígbà tó o ti ní wòlíì, kí lo fẹ́ fi ìyẹn ṣe?

Ìgbésẹ̀ 9: Ra Wi-Fi aláfibọ̀

Padà sórí Ubuntu, kó o ra èyí tí wọ́n ń fi bọ ojú USB. Bí kò bá tan, fi lspci wá a. O kò ní rí i, nítorí lsusb ló ń pe ohun tó gba ojú USB wọlé. Búra pé ayédèrú ni, kó o lọ bá ẹni tó tà á jà. Àwọn ará Òṣogbo fẹ́ràn ìran.

Ìgbésẹ̀ 10: Lọ sí Iléṣà, kó o lóṣòó

Ìgbésẹ̀ ìkẹyìn yìí ni ọba wọn. Gbé lápútọ́ọ̀pù wọ ọkọ̀ Iléṣà. Láyé ọjọ́un, àwọn òṣómàáló, oníṣòwò aṣọ ọmọ Ìjẹ̀ṣà, máa ń tajà láwìn kiri ìlú. Bí ọjọ́ bá pé tí owó kò jáde, wọ́n á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, wọn kì í dìde àfi kí wọ́n gbowó. Ìwọ náà, gbé kọ̀ǹpútà sílẹ̀ létí ọ̀nà, lóṣòó síwájú rẹ̀, tẹjú mọ́ ọn títí tí Wi-Fi á fi jáde.

Àgbà òṣómàáló kan lè kọjá, kó bi ọ́ pé, "Ta ló jẹ ọ́ lówó?" Sọ fún un pé o kò mọ orúkọ rẹ̀. Yóò béèrè agbo ilé rẹ̀. Sọ pé o kò mọ̀ ọ́n. Yóò dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, nítorí iṣẹ́ tirẹ̀, orúkọ onígbèsè, agbo ilé rẹ̀ àti ọjọ́ àdéhùn ló fi ń ṣe é. Òṣòó ni ìparí. Má dá a lóhùn mọ́. Ayé àtijọ́ nìyẹn.

Ìkìlọ̀

Ohun kan ṣoṣo ló lè ba gbogbo làálàá yìí jẹ́. Má ṣe tẹ lspci -nnk láéláé. Bí ọwọ́ rẹ bá ṣèèṣì tẹ̀ ẹ́, orúkọ ilé, orúkọ àbísọ àti ògbufọ̀ káàdì rẹ, bó bá ní, á jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Bó o bá wá fi 14e4:4365 gẹ́gẹ́ bó ṣe wà, pẹ̀lú orúkọ Ubuntu, wá inú íntánẹ́ẹ̀tì lórí fóònù, wàá rí i pé bcmwl-kernel-source ló ń gbé wl wọlé. Bó o bá fi okùn USB so fóònù mọ́ kọ̀ǹpútà kó lè pín dátà fún un, tó o tẹ sudo apt install bcmwl-kernel-source, tó o sì tan ẹ̀rọ náà padà, Wi-Fi á dé kí omi ẹ̀bà tó hó. O kò ní rí ọ̀rẹ́ rẹ ní Òkè-Fíà, o kò ní rí Iléṣà, èmi náà kò sì ní rí ẹni tọ́ sọ́nà mọ́. Jọ̀ọ́, má tẹ̀ ẹ́.