Yìnyín Bọ́ Lọ́nà Ayétòrò

Oṣù kejì ọdún la wà, ọyẹ́ ò tíì kẹ́rù tán nílẹ̀. Lẹ́bàá ọ̀nà oko kan láàárín Ìlaròó àti Ayétòrò, ọ̀rẹ́ mi kan jókòó sábẹ́ agbòòrùn ńlá, ó ń làágùn, ó sì ń ya òkè tí yìnyín bo orí rẹ̀. Ẹ̀gẹ́ ló wà níwájú rẹ̀ lọ súà, igi tííkì tò tẹ̀lé e, ìyá kan ń yan gààrí lápá ọ̀tún. Òkè kankan ò sí níbẹ̀, àfi ọ̀gán ikán kan ṣoṣo.

Ọmọ Ayétòrò ni o, kì í ṣe àtọ̀húnrìnwá. Iṣẹ́ báńkì ló ṣe l'Ékòó títí tó fi fẹ̀yìntì. Nígbà tí àìríkanṣe sú u, ó ní òun fẹ́ máa ya àwòrán ní ìta gbangba: kéèyàn jókòó ti ilẹ̀ àti igi, kó máa wò wọ́n, kó máa kùn wọ́n. Èrò gidi ni, mo sì kí i. Ó ra igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ń gbé kánfáàsì lé, ó ra àpótí ọ̀dà, ó ra àkẹtẹ̀. Gbogbo rẹ̀ pé, ó wá ku ojú tí yóò fi wò ó. Ojú ọ̀hún ló fi rọ́bà so mọ́ igi náà: fóònù rẹ̀ ni, Bob Ross sì ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ láti inú rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ní íntánẹ́ẹ̀tì mọ Bob Ross, ará Amẹ́ríkà onírun kíkún tó ń kọ́ni ní àwòrán kíkùn lórí tẹlifíṣọ̀n láti 1983 títí di 1994. Alaska ló ti rí òkè oníyìnyín rẹ̀, nígbà tó wà nínú ọmọ ogun òfurufú. Inú sítúdíò ní ìlú Muncie ní Amẹ́ríkà ló ti ń kùn ún fún aráyé, níbi tí afẹ́fẹ́ ò ti fẹ́, tí kòkòrò ò ti fò. Ẹ wá wo ọ̀rọ̀ yìí: ẹni tó jókòó sínú ilé tó ń ya ìta ló di olùkọ́ ẹni tó jáde síta láti wá ya ohun tó wà nínú ilé onílé.

Àwọn àgbà ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú ò lè mọ ohun tó wà nílẹ̀ bí onílé ṣe mọ̀ ọ́n, ó parí. Ṣùgbọ́n àwọn tó pa òwe yìí ò ronú pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí onílé fúnra rẹ̀ yóò fi owó gọbọi ra ojú àlejò, tí yóò gbé e wá sí oko bàbá rẹ̀, tí yóò tún ra dátà lé e.

Yíya àwòrán níta fúnra rẹ̀ ní ìtàn: títí di 1841, inú àpòòtọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ ni àwọn akùnwòrán ń kó ọ̀dà wọn sí. Tó bá bẹ́, ìyọnu dé. Ọdún yẹn ni John Goffe Rand, ará Amẹ́ríkà, gbé túùbù onípáànù jáde, òun ló sì jẹ́ kó rọrùn fún akùnwòrán Monet àti ẹgbẹ́ rẹ̀ láti gbé iṣẹ́ wọn lọ sí etí odò. Wọ́n ń sá fún yàrá. Ọ̀rẹ́ mi ní tirẹ̀ gbé yàrá dání.

Mo yẹ túùbù rẹ̀ wò. Funfun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ó ti ká a láti ìdí. Búlúù náà ti jìyà. Pupa ńkọ́? Kò tíì ṣí ìdérí rẹ̀. Lórí ilẹ̀ Yewa, níbi tí èèyàn ò lè wọ ṣòkòtò funfun kọjá kí ilẹ̀ má fi osùn kùn ún dé orúnkún!

Ìyá onígààrí náà rìn wá.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá. Kí lẹ ń yà?”

“Òkè ni, ìyá.”

Ìyá wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn. “Òkè ọ̀hún dà?”

“Ó wà lókè òkun.”

“Ó dáa. Èmi náà ńkọ́, ṣé mo wà níbẹ̀?”

Ọ̀rẹ́ mi ní ibi tí ìyá dúró sí, igi páìnì ló máa bọ́ síbẹ̀. Ìyá ní kò burú, kí àwọn agbégi má ṣáà ti gé òun.

Bí ẹni pé wọ́n gbọ́, ọkọ̀ agbégi kan sáré kọjá, eruku sì sọ lálá. Ọ̀dà olóròóró kì í tètè gbẹ, ohun tó bá bà lé e, ó lẹ̀ nìyẹn. Nígbà tí ojú wa là, òkè Alaska ti pọ́n láti orí dé ìdí, kòkòrò kékeré kan sì há sáàárín yìnyín, ó ń ja ẹsẹ̀. Ó kù díẹ̀ kí n pàtẹ́wọ́. Yewa ti wọ inú àwòrán! Àfi bí ọ̀rẹ́ mi ṣe da kẹrosíìnì sí àkísà, tó nu gbogbo rẹ̀ kúrò, tó ní eruku fẹ́ ba iṣẹ́ òun jẹ́.

Inú bí mi. Kì í ṣe òun nìkan ló ń bí mi nínú. Mélòó ni pálọ̀ tí mo ti wọ̀ n'Ílaròó, tí ìsun omi ilẹ̀ Switzerland ń ṣàn lára ògiri, tí èèyàn kan ò gbé odò Yewa kọ́? Ẹ má sọ fún mi pé bí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àìná Onabolu, akùnwòrán ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, náà fi àwòrán inú ìwé òyìnbó kọ́ ọwọ́. Ṣùgbọ́n ní 1906, Ìyáàfin Spencer Savage, èèyàn Èkó, ló kùn, ojú aláwọ̀ dúdú tí àwọn ará ìlú mọ̀. Nígbà tó kàwé ní London tó padà dé ní 1922, ó ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé bí ohun tó jìnnà ṣe ń kéré, títí wọ́n fi ń pè é ní Mr Perspective. Ní ti ọ̀rẹ́ mi, ohun tó wà ní tòsí ló kéré, ó kéré débi tí kò fi sí mọ́.

Ká ní ilẹ̀ tí wọn ò ti mọ bí wọ́n ṣe ń wo nǹkan ló ti ṣẹlẹ̀, ǹ bá gbà. Ilẹ̀ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ nìyí, eré tí wọ́n ń gbé ère igi lérí jó! Àwọn agbẹ́gilére Yewa àti Kétu ò fi ohunkóhun sílẹ̀ láìwò: wọ́n gbẹ́ máṣíìnì ìránṣọ, wọ́n gbẹ́ alùpùpù, wọ́n gbẹ́ ejò tó ń gbé ẹran mì. Ní 2001, UNESCO ka Gẹ̀lẹ̀dẹ́ mọ́ ìṣúra gbogbo aráyé. Bí ẹnì kan bá sì hu ìwà tó tó fi ṣẹ̀fẹ̀, orí igi ló ń bọ́ sí, kí gbogbo ọjà wá wò ó.

Mo sọ fún ọ̀rẹ́ mi pé ọdún tó ń bọ̀, tirẹ̀ ló kàn. Ó rò ó díẹ̀, ó bi mí bóyá wọ́n á gbẹ́ àkẹtẹ̀ òun mọ́ ọn. Mo ní wọ́n á gbẹ́ ẹ. Ó ní ó tẹ́ òun lọ́rùn, kí wọ́n má ṣáà ti fi ọ̀dà pupa kùn ún.