Sùúrù Àgbà Nílùú Lọ́ńdọ̀nù

Àwọn baba wa, tí òwe jẹ́ ẹṣin ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn, ló sọ pé sùúrù ni baba ìwà, pé àgbà tó ní sùúrù, ohun gbogbo ló ní. N kò sì bá wọn jiyàn, nítorí pé ní ọjà Bódìjà, ní Ìbàdàn Mesí Ọ̀gọ̀, nílé Olúyọ̀lé, ẹni tó bá ti ń ra gaàrí lọ́wọ́ ìyá kan náà láti ọdún pípẹ́ kì í lọ sílé láìgba èènì. Ṣùgbọ́n bí sùúrù yìí bá wọ ọkọ̀ òfurufú, tó sọ̀ kalẹ̀ sí Lọ́ńdọ̀nù, tó sì fọwọ́ síwèé àdéhùn íntánẹ́ẹ̀tì, àgbà tó ní in, ohun gbogbo ló ní lóòótọ́, títí kan gbèsè tí aládùúgbò rẹ̀ kò jẹ.

Àlejò ni àwọn ilé iṣẹ́ ibẹ̀ ń tẹ́ ẹní fún. Ẹni tuntun ni wọ́n ń ta ọjà fún ní ọ̀pọ̀, fún oṣù 18 tàbí 24. Bí àdéhùn bá sì ti pé, wọn a rọra gbé owó náà sókè, nítorí wọ́n mọ̀ pé ẹni tó ti jókòó kì í fẹ́ dìde. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2018, àjọ Citizens Advice, tí ń gba aráàlú nímọ̀ràn, kó ẹjọ́ yìí lọ bá àjọ ìjọba tó ń mójú tó ìdíje ọjà, ó ní ohun tí àwọn oníbàárà àtijọ́ ń pàdánù lọ́nà yìí nígbà náà lórí fóònù, íntánẹ́ẹ̀tì, inṣọ́ránsì ilé, owó ìfipamọ́ àti owó tí wọ́n yá fi ra ilé lé ní bílíọ̀nù 4 pọ́n-ùn lọ́dún kan ṣoṣo.

Ẹ wá wo Bàbá Táyé, tí irú rẹ̀ pọ̀ ní Peckham, bó ti dúró ní Rye Lane nídìí iṣu kan: ó fi èékánná ha á nídìí, ó ní orí rẹ̀ ti gbẹ, ó ṣe bí ẹni ń lọ, alátẹ pè é padà, ó tún ṣe bí ẹni ń lọ, títí ó fi já 50 pẹ́ńsì lórí rẹ̀. Ó délé, ó bá lẹ́tà ilé iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lẹ́yìn ìlẹ̀kùn. Láti oṣù kejì ọdún 2020 ni Ofcom, àjọ tó ń ṣọ́ àwọn ilé iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì, ti mú un ní dandan fún wọn láti kọ̀wé kí àdéhùn tó pé, kí wọ́n sọ iye tí oníbàárà yóò máa san lẹ́yìn rẹ̀, àti iye tí wọ́n ń tà á fún ẹni tuntun. (Ọlọ́jà wo ní Bódìjà ló ń kọ iye tó tà fún ẹlòmíràn ránṣẹ́ síni nílé?) Bàbá wo àmì tó wà lára àpò ìwé náà, ó ní, “Àwọn èèyàn mi ló kí mi,” ó sì tì í sẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n, níbi tí ti èṣí wà.

Ìyá Táyé ní, “Bàbá Táyé, ẹ pè wọ́n. Ojú bọ̀rọ̀ kọ́ la fi ń gba ọmọ lọ́wọ́ èkùrọ́.”

“Kí n máa bá òyìnbó nájà? Ojú a tì mí.”

Bẹ́ẹ̀, láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, ẹni tó fẹ́ pààrọ̀ íntánẹ́ẹ̀tì kò nílò láti bá ilé iṣẹ́ àtijọ́ sọ ohunkóhun mọ́. Ti tuntun ni yóò bá a parí ọ̀rọ̀. Kò tilẹ̀ sí ìdágbére tí ìtìjú yóò ti wọlé.

Nígbà tí aya rẹ̀ kò jẹ́ kó sinmi, ó pè, ó ní òun ń lọ. Kíá ni wọ́n gbé e fún àwọn tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n máa bẹ ẹni tó ń lọ. Ọmọbìnrin kan sì fún un ní iye tó ti wà nínú lẹ́tà ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n. Inú Bàbá dùn, ó gbàdúrà ọkọ rere fún un, ó ní kó kọ oṣù 24 mìíràn sílẹ̀ fún òun. Ọmọ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye pọ́n-ùn àti pẹ́ńsì tí owó náà yóò fi lé sí i lọ́dọọdún, gẹ́gẹ́ bí òfin oṣù kìíní ọdún 2025 ti pa á láṣẹ fún wọn, bó ti ń kà á ni Bàbá ń ṣe “Àmín.”