Mẹ́rìnlélógún Péré Ni Wá

Ẹ bá mi yọ̀. Lọ́jọ́ tí Ààrẹ Tinubu buwọ́ lu òfin owó oṣù tuntun, ìyẹn ọjọ́ 29 oṣù Keje ọdún 2024, èmi ni mo kọ́kọ́ hó yèè ládùúgbò wa. Mo ní kí wọ́n ra míníráà fún gbogbo ẹni tó wà nínú bẹ́kírì mi. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́rin náírà! Ìyà òṣìṣẹ́ ti tán! Ọmọkùnrin tó ń po ìyẹ̀fun mu míníráà tirẹ̀ tán, ó nu ẹnu, ó ní, "Dádì, ṣé láti ìparí oṣù yìí ni?"

Mo ní, láti ìparí oṣù yìí ni kí ni?

Ìbéèrè rẹ̀ ló lé mi lọ ka òfin náà fúnra mi. Ẹ̀yin èèyàn mi, òfin dùn ún kà. Ẹ má gbọ́ ti àwọn tó ní kò sí àánú nínú rẹ̀. Ó wà níbẹ̀ gbangba pé ibi iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò bá pé márùndínlọ́gbọ̀n, òfin owó oṣù tó kéré jù lọ kò bá a wí. Mo dìde, mo ka àwọn èèyàn mi. Mẹ́rìnlélógún. Mo tún wọn kà, nítorí ayọ̀ máa ń mú kéèyàn ṣì í kà. Mẹ́rìnlélógún náà ni.

Àwọn ẹlẹ́nu ń sọ pé mo lé ẹnì kan dànù lọ́sẹ̀ yẹn kí iye náà lè bọ́ sí i. Irọ́ ni. Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi rìn lọ, lẹ́yìn tí mo ti gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n tún ní, àwọn obìnrin mọ́kànlá tó ń gbé búrẹ́dì mi kiri ńkọ́? Ẹ ò rí i pé wọn ò ka òfin. Èrè orí búrẹ́dì ni àwọn yẹn ń jẹ, òfin sì ti yọ ẹni tó bá ń jẹ èrè orí ọjà sílẹ̀. Ìyá tó ń gbálẹ̀ ńkọ́? Ìdájí nìkan ló ń wá, ààbọ̀ iṣẹ́ ni, òfin yọ òun náà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi tó ń sùn ti ààrò nítorí olè ńkọ́? Hàbà! Ẹ̀yin náà ń ka ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyàwó mọ́ òṣìṣẹ́?

Ọ̀rọ̀ ò tiẹ̀ dé ọ̀dọ̀ òfin, ká sọ tòótọ́. Ẹbí ni wá níbí. Dádì ni gbogbo wọn ń pè mí, mi ò sì mọ ọmọ rere tó ń bá dádì rẹ̀ ṣírò owó. Bí ẹnikẹ́ni nínú wọn bá bímọ, mo máa ń lọ síbi ìkómọ, iwájú ni mo sì máa ń jókòó sí. Búrẹ́dì tó bá jóná, àwọn ni mo máa ń fún. Èmi gan-an ni òṣìṣẹ́ àkọ́kọ́ nínú bẹ́kírì yìí. Orúkọ mi ló ṣáájú nínú ìwé owó oṣù, mo sì fi han báńkì nígbà tí mo lọ yáwó. Lọ́jọ́ kan, bàbá àgbàlagbà kan tó wá ra búrẹ́dì gbọ́ báyìí tí mo ń sọ ọ́, ó mi orí. Ó ní láyé àwọn bàbá àwọn, ìwọ̀fà mọ iye owó tí wọ́n tìtorí rẹ̀ fi òun ṣọfà, ó sì mọ̀ pé lọ́jọ́ tí wọ́n bá san án tán, òun ń lọ sílé. Ó béèrè bóyá àwọn ọmọ mi mọ tiwọn. Mo fún un ní ṣéńjì rẹ̀, ó ń lọ.

Ẹnikẹ́ni ò lè sọ pé mi ò fẹ́ràn òṣìṣẹ́. Ẹ wo ara ògiri mi. Àwòrán Michael Imoudu, olórí àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè láyé òyìnbó, ni mo gbé kọ́ síbẹ̀, lókè ààrò gan-an. Mo mọ ìtàn ọkùnrin náà ju bí àwọn olórí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ míì ṣe mọ̀ ọ́n lọ. Ogun Hitler ti sọ gbogbo nǹkan di ọ̀wọ́n l'Ékòó, ìjọba òyìnbó fi kún owó àwọn òyìnbó ẹgbẹ́ wọn, wọ́n ní kí adúláwọ̀ ṣe sùúrù. Wọ́n tilẹ̀ ti lé Imoudu lọ sí Auchi kí ẹnu rẹ̀ lè jìnnà sí Èkó. Kò pẹ́ tó padà dé ni àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè àti ti ìjọba sọ irinṣẹ́ sílẹ̀, lọ́jọ́ 22 oṣù Kẹfà ọdún 1945, ó sì lé lóṣù kan kí ọ̀rọ̀ tó rọlẹ̀. Ṣílè méjì ààbọ̀ lójúmọ́ ni wọ́n ń béèrè fún lébìrà, pẹ̀lú àfikún ìdajì lórí owó ọ̀wọ́n ọjà. Gómìnà Richards ti ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn West African Pilot àti Daily Comet pa nítorí wọ́n gbè sẹ́yìn òṣìṣẹ́. Hubert Ogunde fi ọ̀rọ̀ náà ṣe eré lọ́dún yẹn kan náà, ó pe àkọlé rẹ̀ ní *Strike and Hunger*. Níkẹyìn, ìgbìmọ̀ tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní kí wọ́n fún wọn ní àfikún náà.

Akọni ni Imoudu, mo fẹ́ràn rẹ̀ dé ọkàn. Ó ti di olóògbé láti ọdún 2005. Àwòrán rẹ̀ kì í béèrè nǹkan kan.

Àwọn ti òde òní ni mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ wí. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2024 tí wọ́n jókòó láti dúnàá-dúrà, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ pe 615,000 náírà. Ìjọba ní 48,000 ni òun máa san. Àwọn agbanisíṣẹ́ aládàáni, ìyẹn àwa tí wọ́n ń pè ní ọ̀kánjúwà, la san ju ìjọba lọ: a ní 54,000. Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ti ń ná ọjà ní Bódìjà á mọ̀ pé inú irú ìná báyìí, ìjà ló ń bọ̀. Inú bí òṣìṣẹ́, wọ́n dìde. Wọ́n já a sí 494,000, wọ́n tún já a sí 250,000. Ìjọba ń gùn ún díẹ̀díẹ̀, 60,000, 62,000, bí arúgbó tó ń gun àtẹ̀gùn. Láàárín ìná yìí, lọ́jọ́ kẹta oṣù Kẹfà, àwọn òṣìṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì, iná kú jákèjádò Nàìjíríà. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n so ó rọ̀.

Síso rọ̀ yìí ló ń dùn mọ́ mi nínú. Èyí tí wọ́n fẹ́ ṣe nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo lọ́dún 2023, wọ́n so ó rọ̀. Ti oṣù Kẹwàá ọdún yẹn, wọ́n so òun náà rọ̀. Òkè àjà ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ti kún fún ìyanṣẹ́lódì bí àjà ọdẹ ṣe ń kún fún ẹran gbígbẹ. Orí 70,000 ni wọ́n wá fẹnu kò sí. Ní ọdún 1981 tí òfin kọ́kọ́ pe 125 náírà, náírà kan ju dọ́là kan lọ. 70,000 ti ọdún 2024, kò tó àádọ́ta dọ́là. Mo gba gbogbo òṣìṣẹ́ níyànjú kí wọ́n máa ṣírò owó wọn ní náírà, ó ń fini lọ́kàn balẹ̀.

Lọ́jọ́ ìyanṣẹ́lódì yẹn, mo dé bẹ́kírì láago márùn-ún ìdájí, mo bá ọmọkùnrin apo-ìyẹ̀fun níta, ó ká apá gbera. Ó ní ìyanṣẹ́lódì ni. Mo ní ìyanṣẹ́lódì àwọn òṣìṣẹ́ nìyẹn, ẹ̀yin kì í ṣe òṣìṣẹ́ lásán, ẹbí lẹ jẹ́, ẹbí kì í sì í yan ara wọn lódì.

Ó ní, "Dádì, ṣebí ọdún kẹta rèé tí ẹ̀yin àti ẹ̀gbọ́n yín ti yan ara yín lódì lórí ilé Bàbá."

Mo ní kó wọlé lọ po ìyẹ̀fun.

Mo ti fọkàn sí i pé ọ̀rọ̀ ti tán, àfi lọ́jọ́ kìíní oṣù Karùn-ún ọdún 2025. Mo wọ aṣọ ẹgbẹ́jọdá òṣìṣẹ́, mo lọ sí pápá ìṣeré n'Íbàdàn, mo bá wọn jó, mo na ọwọ́ sókè, mo ní òṣìṣẹ́ ni gbogbo wa. Ẹnì kan fi fóònù ya mí, ó gbé e síta. Kí n tó padà dé bẹ́kírì (ìsinmi ò kan búrẹ́dì), àwọn ọmọ mi ti rí i. Wọ́n to sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì. Wọ́n ti ya ẹ̀yìn páálí kan, wọ́n kọ orúkọ sí i láti òkè délẹ̀, nọ́ńbà sì wà níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Márùndínlọ́gbọ̀n.

Mo ní ta lẹ fi kún un?

Apo-ìyẹ̀fun fi ìka tó kún fún ìyẹ̀fun tọ́ka sí nọ́ńbà kìíní. Ó ní, "Ẹ̀yin náà ni, Dádì. Ẹ̀yin lẹ ní òṣìṣẹ́ ni yín. Báńkì gan-an mọ̀."

Mo gba bírò lọ́wọ́ rẹ̀, mo fagi lé orúkọ mi níṣojú gbogbo wọn. Aṣọ ẹgbẹ́jọdá yẹn ṣì wà nílé, ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo wọ̀ ọ́. Ẹni tó bá ga tó mi, kó wá rà á. N ò ní gbówó lé e.