Ọ̀nà Yẹn Kì Í Ṣe Tiwa

Ẹ̀yin náà mọ irú ìpàdé ìlú yìí. Kò sí ìjọba ìbílẹ̀ kan nílẹ̀ Yorùbá tí kò ní tirẹ̀. Aago mẹ́wàá ni ìwé ìpè sọ; ó di nǹkan bí aago kan kí ẹ tó gbọ́ sàírìn. Àwọn ìyálọ́jà tó ti ń fi ìwé ìpè fẹ́ ara wọn láti àárọ̀ á dìde. Onílù tí wọ́n háyà á bẹ̀rẹ̀ sí í ki ọkùnrin tí kò mọ orúkọ bàbá rẹ̀. Jíìpù dúdú mẹ́rin á wọ ọgbà iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, Alága á sọ̀ kalẹ̀, á gbé agbádá lé èjìká ọ̀tún, á gbé e lé tòsì, á na ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni tó fẹ́ fi àtẹ́lẹwọ́ gbe òjò. Ó wá jíhìn fún ìlú ni. Ọ̀rọ̀ ìrìnnà, ọ̀rọ̀ ààbò, ọ̀rọ̀ ìdàgbàsókè, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n tò sára bánà tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ojú rẹ̀ sì tóbi lórí bánà náà ju ilẹ̀kùn kíláàsì lọ.

Mo ti jókòó sí irú ìpàdé yìí tó ẹ̀ẹ̀mẹfà, lábẹ́ alága mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, lábẹ́ kánópì kan náà tó ń jò. Orúkọ ń yí padà, ìgẹ̀rẹ̀ fìlà ń yí padà. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni kì í yí padà, òun náà ni mo sì jókòó láti kọ lónìí, nítorí ó ti sú mi dé góńgó: "Ọ̀nà yẹn kì í ṣe tiwa."

Ní ìpàdé tó kẹ́yìn, ìyá kan tó ń ta ẹja gbígbẹ dìde. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, dídìde rẹ̀ fúnra rẹ̀ gba àkókò. Ó ní kòtò tó wà níwájú ìsọ̀ òun ti di odò; pé ọmọ iléèwé kan ti ṣubú sínú rẹ̀, pé kẹ̀kẹ́ Márúwá méjì ló dojú dé níbẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Alága ń mi orí. Ẹ bá mi wo bó ṣe ń mi orí: díẹ̀díẹ̀, ojú á padé, ètè á sún síwájú, bí ẹni tí wọ́n ń túfọ̀ fún.

"Màmá wa, ṣé ìsàlẹ̀ bíríìjì ni àbí òkè bíríìjì?"

"Ìsàlẹ̀ ni, Alága."

"Tí èèyàn bá ń bọ̀ láti ìgboro, ọwọ́ ọ̀tún ni àbí ọwọ́ òsì?"

"Ọwọ́ ọ̀tún ni."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí ẹnjiníà káńsù létí, ẹnjiníà sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, Alága bá rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹ̀rín yẹn! Ẹ̀rín dókítà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé ilé ìwòsàn mìíràn ni aláìsàn ti gba káàdì.

"Ẹ kú sùúrù, Màmá. Tírọ́ǹkì A ni ọ̀nà yẹn. Kì í ṣe tiwa."

"Ta ló ń jẹ́ Tírọ́ǹkì?" ni ìyá náà bi í. "Ẹ bá wa ránṣẹ́ pè é."

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín Alága ló ròkè jù. Ìyá kò rẹ́rìn-ín. Ó ṣì dúró.

Ni Alága bá gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó ní òun fẹ́ là wá lọ́yẹ̀. Tírọ́ǹkì A, ti ìjọba àpapọ̀ ní Àbújá. Tírọ́ǹkì B, ti gómìnà. Tírọ́ǹkì C, ti káńsù. Láti ibẹ̀ ni ó ti bọ́ sínú ìtàn ìdílé kòtò. Láti ẹnu géètì ṣọ́ọ̀ṣì dé òpó iná kẹta, Àbújá ló ni ín. Láti òpó iná kẹta dé ilé epo, gómìnà ló ni ín. Gọ́tà tó la àárín wọn kọjá, iléeṣẹ́ ètò àyíká ti ìpínlẹ̀ ló ni ín. Pàǹtí inú gọ́tà ńkọ́? Tiwa ni, àwa ará ìlú, ká yéé da ilẹ̀ síbẹ̀. Bí babaláwo bá mọ odù tó bí ọkùnrin yìí ṣe mọ ọ̀nà tí kì í ṣe tirẹ̀, a ò ní máa wá oníṣègùn kiri. Mo bi ara mi pé ìgbà wo ló rí àyè kọ́ ọ. Ẹni tí kò mọ iye iléèwé tó wà lábẹ́ rẹ̀ mọ òpó iná tí iṣẹ́ rẹ̀ parí sí.

Nínú nǹkan bíi 200,000 kìlómítà ọ̀nà tí wọ́n kà sí Nàìjíríà lọ́rùn, bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ló wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ìdá méjì nínú mẹ́ta! Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbé àdúgbò yìí, n kò tíì pàdé ọ̀kan. Ibikíbi tí ẹsẹ̀ mi bá ti wọ kòtò, wọ́n á ní mo ti kúrò lórí ilẹ̀ Alága. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí kátapílà gómìnà ṣèèṣì kọjá láàárọ̀, kó tó di alẹ́ bánà ti gun òpó: "A dúpẹ́ lọ́wọ́ Alága wa tó bá wa dé ọ̀dọ̀ ìjọba." Bàbá mẹ́ta ni ọ̀nà tó dán máa ń ní. Kòtò nìkan ni ọmọ òrukàn.

Nígbà kan, owó ni kò sí. Wọ́n ní gómìnà ló jókòó lé àkáǹtì àjọní, ọwọ́ káńsù kò tó o. A bá Alága kẹ́dùn, torí pé òótọ́ wà níbẹ̀. Ó wá di ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ 774 tó wà lórílẹ̀-èdè yìí máa tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́ tààrà. Alága jó lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn ijó ni ojú rẹ̀ fà ro, bí ẹni tí àwáwí rẹ̀ kú mọ́ ọn lójú oorun. Ẹ má bẹ̀rù: nígbà tó fi máa di ìpàdé tó tẹ̀ lé e, ó ti bí òmíràn. "A ń retí kí ìdájọ́ yẹn fẹsẹ̀ múlẹ̀." Mo fẹ́ mọ ẹni tí a ń retí kó wá fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀ fún un.

Ti ààbò kò gùn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Alága sọ pé òun ni olórí ààbò ìjọba ìbílẹ̀ yìí. Ọmọkùnrin kan wá béèrè nípa àwọn tó ń já fóònù gbà nínú gosiló nírọ̀lẹ́. Alága ní Àbújá ló ń pàṣẹ fún ọlọ́pàá. Iná ojú pópó tó kú? Alága àná ló gbé e fún kọngilá tí kò dáa. Àmọ́ òun ti ra tọ́ọ̀ṣì fún àwọn ọlọ́dẹ; ó gbé ọ̀kan sókè, ó tàn án sí wa lójú ní ọ̀sán gangan, àwọn ènìyàn rẹ̀ sì pàtẹ́wọ́.

Ti ìdàgbàsókè: bọ́ọ̀hóòlù kan tí wọ́n ti ṣí lẹ́ẹ̀mejì, tí orúkọ Alága wà lára táǹkì ní lẹ́tà gàdàgbà, tí omi kò sí nínú rẹ̀. Ẹ wo Mohammed Marwa, tó ṣe ìṣàkóso Èkó nígbà ológun, láti 1996 sí 1999. Ará ìlú ló fi orúkọ rẹ̀ pe kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, títí dòní la sì ń pè é bẹ́ẹ̀. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ń rìn kì í ra ọ̀dà fún orúkọ ara rẹ̀.

Ti ìrìnnà: láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí Ààrẹ ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti di àfìsẹ́yìn, owó ọkọ̀ ti ń gun igi àgbọn. Alága gbọ́ igbe wa, ó ra bọ́ọ̀sì méjì tó lóun ó máa fi gbé wa ní ẹ̀dínwó. Ibi tí mo ti rí wọn kẹ́yìn ni ibi ìsìnkú ìyá ìyàwó rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ tẹ̀ lé mi lọ sí ojú Tírọ́ǹkì A yìí kan náà ní aago mẹ́fà àárọ̀. Ẹ ó bá àwọn ọmọkùnrin nínú ẹ̀wù aláwọ̀ ewé, igi oníṣòó lọ́wọ́ kan, bébà lọ́wọ́ kejì. Dánfó á sanwó, kẹ̀kẹ́ á sanwó, ọkọ̀ elérù á sanwó, ìyá ẹlẹ́ja pẹ̀lú á san ti ìsọ̀. Ẹ ka ohun tó wà lórí bébà náà: orúkọ káńsù wa ni, gàdàgbà. Kò sẹ́ni tó béèrè bóyá ìsàlẹ̀ bíríìjì ni àbí òkè bíríìjì. Wọ́n ní ká máa fọ̀wọ̀ wọ aláṣẹ, mo sì ń gbìyànjú. Ṣùgbọ́n ní abúlé ìyá mi, ẹni tó bá dúró sójú ọ̀nà tí kì í ṣe tirẹ̀, tó ń gbowó lọ́wọ́ ẹni tó ń kọjá, orúkọ kan ṣoṣo ni wọ́n ń pè é: dánàdánà.

Nígbà tí mo ti ìpàdé yẹn délé, mo ṣí Àfikún Kẹrin ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999, níbi tí wọ́n to iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ sí. Àdúgbò, gọ́tà, iná ojú pópó, ọjà, gáréèjì, ilẹ̀ dídà, gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀. Wọ́n tún ní káńsù ni kó máa fún kẹ̀kẹ́ ológeere, ọkọ̀ ojú omi, ọmọlanke àti bárò ní láísẹ́ńsì. Bárò! Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní ta ló rántí ìyẹn.

Ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, òjò rọ̀ mọ́jú. Kòtò ìyá ẹlẹ́ja kún, ó pa pọ̀ mọ́ gọ́tà, ọ̀nà di ọ̀sà. Ọmọkùnrin kan ti gbé bárò wá, ó ń fi gbé èèyàn sọdá. Ìyá náà jókòó sínú rẹ̀, apẹ̀rẹ̀ ẹja lórí itan, agboòrùn lókè orí. Bí wọ́n ṣe ń jáde lódì kejì, ọmọ aláwọ̀ ewé ti dúró dè wọ́n.

"Tíkẹ́ẹ̀tì dà?"

"Tíkẹ́ẹ̀tì kí ni?"

"Ti bárò. Káńsù ló ni ín."

Ìyá wo omi lẹ́yìn ara rẹ̀, ó wo ọmọ náà. "Omi yìí ńkọ́, ọmọ mi, ta ló ni ín?"

"Màmá, ẹ má bínú, ìyẹn kì í ṣe tiwa." Ó ya tíkẹ́ẹ̀tì. Omi dé òun àti ọmọ oníbárò ní orúnkún níbi tí wọ́n dúró sí tí wọ́n ń wá ṣéńjì.